Bí a ṣe ń fi ARexx so editor, compiler àti debugger pọ̀ lórí Amiga

Ọmọ68k:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Èdè C ni mo ń kọ lórí kọ̀ǹpútà Amiga 1200. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n lílọ-bíbọ̀ inú rẹ̀ ti sú mi. Bí mo bá kọ kóòdù tán nínú editor, màá fi í pamọ́, màá bọ́ sí Shell (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), màá pe compiler (èyí tó ń sọ kóòdù di program), màá ka nọ́mbà ìlà tí àṣìṣe wà, màá padà sínú editor, màá wá ìlà yẹn kàn. Àṣìṣe méje, ìrìn méje. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan debugger (èyí tí a fi ń yẹ inú program wò bó ṣe ń ṣiṣẹ́), ó di kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Wọ́n ní ARexx, èdè tí a fi ń kọ script (àwọn àṣẹ kéékèèké tó ń darí program mìíràn), lè bá mi so wọ́n pọ̀, kí n máa tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. CygnusEd ni editor mi. Mo dán èyí wò lálẹ́ àná:

```
/* Fi pamo */
ADDRESS rexx_ced
'save'
```

Ohun tí mo rí ni "+++ Error 13 in line 3: Host environment not found". Bẹ́ẹ̀ CygnusEd ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Ibo ni mo ti ṣì í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Bàbá Workbench:

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Kò sí ohun tó ṣe editor rẹ, orúkọ rẹ̀ lo pè ṣì. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá fi sáàárín àmì àyọlò, ARexx á sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá kó tó lò ó. REXX_CED ni script rẹ ń wá kiri, rexx_ced sì ni CygnusEd ń jẹ́, lẹ́tà kékeré látòkè délẹ̀. Lójú Amiga, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kọ ọ́ báyìí:

```
ADDRESS 'rexx_ced'
```

O rí i pé ìlà kẹta ló ké gbàjarè, kì í ṣe ìkejì tí àṣìṣe wà. Ìlà ADDRESS kàn ń sọ ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tí àṣẹ gangan fẹ́ gbéra ni ARexx tó wá a, tí kò sì rí i. Fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò máa ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Má ṣe máa méfò lórí orúkọ port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí program fi ń gba àṣẹ ARexx. Tẹ èyí sí Shell, gbogbo port tó wà ní ṣíṣí ni yóò tò jáde fún ọ:

```
rx "say show('P')"
```

Bí editor bá lè ṣí ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní port tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà nídìí orúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo àtòjọ náà kí n tó kọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé script fúnra rẹ̀ ló máa ṣí editor tàbí debugger, fi WaitForPort sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló máa fi dúró de port náà. Bí kò bá yọjú, á dá 5 padà fún ọ, wàá sì mọ̀ pé kò wá.

Nǹkan méjì tó kù, kíákíá ni. RexxMast, program tó ń mú ARexx ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ jí kí script kankan tó lè ṣiṣẹ́. Inú System ló wà, gbé e sínú WBStartup kí ó máa bá ẹ̀rọ jí. Àlàyé tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ rẹ, /* */ yẹn, má yọ ọ́ láé, òun ni ARexx fi ń mọ̀ pé ìwé òun nìyí.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí o di mú yìí dáadáa. Mike Cowlishaw ló ṣe REXX ní IBM, láti 1979. William S. Hawes gbé e wá sórí Amiga ní 1987, ó pè é ní ARexx, Commodore sì fi í sínú AmigaOS 2.0 ní 1990. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó ṣe editor kò nílò láti mọ ẹni tó ṣe compiler rárá. Kí kálukú ṣí port ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, ó parí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá mojú ara wa tán, alárinà á yẹ̀ba. Ti ARexx kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní mojú ara wọn láé, alárinà ló máa wà níbẹ̀ títí. Iṣẹ́ ìwọ tí o ń kọ script ni kí alárinà yẹn jẹ́ olóòótọ́.

Ìyá Kóòdù:

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ alárinà olóòótọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbà lẹ́nu yín.

Àbúrò, ibi tí script ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọn kì í gbọ́ èsì. Wọ́n á rán àṣẹ sí editor, wọn ò ní wò bóyá ó jẹ́ ẹ, wọ́n á pe compiler lé e lórí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Disk mi ti kún, editor kò rí fáìlì fi pamọ́, script mi sì ń bá tirẹ̀ lọ. Fáìlì àtijọ́ ni compiler ń rí. Mo tún àṣìṣe kan ṣoṣo ṣe láti alẹ́ wọ ìdájí, kò kúrò níbẹ̀. Mo pa ìlà náà rẹ́, mo tún un kọ, mo fi ọwọ́ kan gbogbo ohun tó yí i ká. Ìlà kan péré ni ì bá gbà mí, ká ní mo wo RC lẹ́yìn 'save'.

Inú RC ni ARexx ń kọ bí iṣẹ́ ṣe lọ sí. 0 ni pé ó dára, 5 jẹ́ ìkìlọ̀, 10 jẹ́ àṣìṣe, 20 ni pé iṣẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ editor, bí orúkọ fáìlì tàbí nọ́mbà ìlà tí cursor wà, inú RESULT ló máa wà, ṣùgbọ́n àyàfi bí o bá ti kọ OPTIONS RESULTS sókè. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, RESULT kò ní mú ohunkóhun wá, ARexx kò sì ní bá ọ wí.

Èyí ni mo ń lò. vbcc ni compiler mi, bí ó ṣe ń kọ àṣìṣe jáde nìyí: error 82 in line 14 of "main.c": àlàyé á wá tẹ̀ lé e.

```
/* kopo.rexx */
OPTIONS RESULTS
PARSE ARG faili
ADDRESS 'rexx_ced' 'save'
IF RC > 0 THEN DO
  SAY 'Editor ko fi faili pamo, RC' RC
  EXIT 10
END
ADDRESS COMMAND 'vc >T:asise -c' faili
ipo = RC
n = 0
IF ~OPEN('a', 'T:asise', 'R') THEN EXIT 20
DO UNTIL EOF('a')
  ila = READLN('a')
  IF POS('in line ', ila) = 0 THEN ITERATE
  PARSE VAR ila . 'in line ' nomba ' of "' ibo '":' oro
  n = n + 1
  CALL SETCLIP('asise.' || n, nomba ibo oro)
END
CALL CLOSE('a')
CALL SETCLIP('asise.ipo', 0)
EXIT ipo
```

Wo ìlà tó ní PARSE dáadáa, òun ni ẹ̀mí script yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì àyọlò ni ó ń wá nínú ìlà. Ohun tó bá wà láàárín wọn ló ń kó sínú àpò. Bí compiler rẹ bá ń kọ àṣìṣe lọ́nà mìíràn, ìlà yẹn àti ìlà POS tó wà lókè rẹ̀ nìkan lo máa yí padà. Ṣùgbọ́n fi ojú ara rẹ ka T:asise, fáìlì tí àṣìṣe compiler ń lọ sí, nínú Shell kí o tó fọwọ́ kan PARSE. Bí RC kì í bá ṣe 0 tí T:asise sì ṣófo, a jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni compiler rẹ ń gbà sọ àṣìṣe jáde, àmì > kò sì lè mú un. Wo ìwé rẹ̀ bóyá ó ní àṣẹ tó ń kọ àṣìṣe sínú fáìlì.

SETCLIP ńkọ́? Bí script bá parí, gbogbo ohun tó mọ̀ ló bá a lọ. Bọ́tìnì tó máa gbé ọ lọ sí àṣìṣe tó kàn, script mìíràn ni, kò lè mọ ohun tí ti àkọ́kọ́ rí. Nítorí náà mo kó àwọn àṣìṣe sínú Clip List ti ARexx, níbi tí script èyíkéyìí ti lè fi GETCLIP mú wọn:

```
/* tokan.rexx */
n = GETCLIP('asise.ipo') + 1
ila = GETCLIP('asise.' || n)
IF ila = '' THEN EXIT 5
CALL SETCLIP('asise.ipo', n)
PARSE VAR ila nomba ibo oro
SAY ibo nomba oro
/* ibi yii ni ki o ti pase fun editor: lo si ila nomba */
```

Àṣẹ tó ń gbé cursor lọ sí ìlà yàtọ̀ láti editor sí editor, ìyẹn ni mo fi fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Wò ó nínú ìwé editor rẹ. Má yọ SAY yẹn o. Bí cursor bá fò sí ìlà 14 láìsí àlàyé, ojú rẹ máa rí ìlà náà, kò ní rí ohun tí compiler sọ nípa rẹ̀.

Arìnrìnòru:

Màmá, ẹ ṣeun fún tokan.rexx yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Láti ìsàlẹ̀ ni mo máa ń tún àṣìṣe ṣe wá sókè. Bí mo bá fi ìlà méjì kún ìlà 14, gbogbo nọ́mbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ pẹ̀lú méjì. Bó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀, ti òkè kì í yẹ̀.

Ìyá Kóòdù:

Òótọ́ ni ti nọ́mbà yẹn. Síbẹ̀ èmi kò ní gba àbúrò nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Semicolon kan tó sọnù ní ìlà 14 lè bí àṣìṣe mẹ́fà sísàlẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ irọ́. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á máa wá àrùn níbi tí kò sí, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ ba kóòdù tó dára jẹ́. Tún ti àkọ́kọ́ ṣe, pe compiler padà. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni báyìí, kí ló wá kù tó le?

Arìnrìnòru:

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn, Màmá. Fún ìkìlọ̀ nìkan ni màá máa ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí ìkìlọ̀ kì í sábà bí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí debugger, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìyà jù. CodeProbe tó bá SAS/C wá ni mo ń lò, ó gbọ́ ARexx. Ohun tí mo fẹ́ rọrùn: kí cursor wà lórí ìlà kan nínú editor, kí n tẹ bọ́tìnì, kí debugger ṣí, kí program dúró ní ìlà yẹn gan-an. Script náà kò gùn. Ó ń béèrè orúkọ fáìlì àti nọ́mbà ìlà lọ́wọ́ editor, ó ń kó wọn fún debugger. Ohun tó yí i ká ló le.

Debugger kò mọ ìlà kankan bí compiler kò bá kọ ọ́ sínú program. Ní SAS/C, DEBUG=FULL ni mo ń fi sí i. Láìsí i, kóòdù assembly lásán ni wàá máa wò. Pa optimizer náà, nítorí ó máa ń gbé iṣẹ́ ìlà kan lọ sí ibòmíràn, debugger á sì máa fò sókè sódò lójú rẹ. Bí o bá fọwọ́ kan fáìlì lẹ́yìn tí o ti pe compiler, nọ́mbà ìlà inú editor àti ti inú program kò bára mu mọ́. Script tèmi kì í ṣí debugger bí compiler kò bá kọ́kọ́ parí pẹ̀lú RC 0. Mo ti dúró ní ìlà tí kì í ṣe òun rí, mo ka iye tó wà nínú variable, mo gbà á gbọ́, mo sì fi ọjọ́ kan gbáko wá ohun tí kò sọnù.

Èyí tó burú jù rèé. Mo rán àṣẹ sí debugger nígbà tí program tí mo ń yẹ̀ wò ṣì ń sáré. Debugger ń dúró de program, script ń dúró de èsì debugger, editor tó pe script sì ń dúró de script. Kò sí ẹni tó lè mira. Mo tẹ HI nínú Shell, àṣẹ tó ń dá gbogbo script ARexx dúró, kò ràn mí lọ́wọ́: script kò lè gbọ́ HI àfi bí ó bá padà sórí ìlà tirẹ̀, èsì kò sì tíì dé kó tó lè padà. Láti ọjọ́ yẹn, script mi kò rán ohunkóhun sí debugger àfi ìgbà tí program bá dúró ní breakpoint, ìlà tí mo ní kó ti dúró.

Amiga kò sì ní odi láàárín program kan àti èkejì nínú ìràntí. Pointer kan tó ṣìnà nínú kóòdù rẹ lè kọ nǹkan lé orí editor fúnra rẹ̀, Guru Meditation (ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá dákú) á sì kó gbogbo wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí script fi gbogbo fáìlì tó ṣí pamọ́ kí debugger tó gbéra. Kí ẹ má fi sínú RAM: o, ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í yè bí ẹ̀rọ bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. RAD: sábà máa ń yè, ṣùgbọ́n disk gangan ni mo fọkàn tán.

Àgbà Aztec:

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí ohun tí mò ń kà níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe ti pẹ́, ó sì ti jìnnà.

Kí script tó gbilẹ̀ ni Aztec C ti Manx ti ní ohun kan tó ń jẹ́ quickfix: compiler á kọ àṣìṣe sínú fáìlì, editor á kà á, á sì gbé ọ lọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Orí Amiga ni Bram Moolenaar ti bẹ̀rẹ̀ editor Vim, Fish disk 591 (ọ̀kan nínú àwọn disk tí a fi ń pín program Amiga) ló sì kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, ní 1991. Ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim sọ ọ́ kedere pé ọ̀dọ̀ Aztec C lórí Amiga ni òun ti rí quickfix. Lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn, errors.err ni fáìlì tí Vim ń wá. Lórí Amiga, AztecC.Err ni. Gbogbo ẹni tó ń tẹ :cnext nínú Vim láti lọ sí àṣìṣe tó kàn lónìí, lórí ẹ̀rọ yòówù, ilé wa ló ti ń jẹ nínú oúnjẹ yẹn.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Lórí Macintosh, compiler inú MPW ti Apple máa ń kọ àṣìṣe jáde ní ìrísí àṣẹ: File "main.c"; Line 14. Fi cursor sórí rẹ̀, tẹ Enter, fáìlì á ṣí ní ìlà 14. Mo nífẹ̀ẹ́ èyí púpọ̀: kò sí PARSE, kò sí alárinà, ọ̀rọ̀ tí compiler sọ ni àṣẹ fúnra rẹ̀. Lórí RISC OS ti Acorn, wọ́n pe tiwọn ní Throwback: compiler á ju àtòjọ àṣìṣe sí SrcEdit, ìwọ á tẹ èyí tó wù ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Turbo Pascal ti Borland ní 1983 kò tiẹ̀ so ohunkóhun pọ̀, inú program kan náà ló kó editor àti compiler sí. Ó yá bí ìyára, ṣùgbọ́n bí editor rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kò sí bí o ṣe lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tìtorí èyí ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀nà ARexx. Ó máa ń gba wàhálà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa yan ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́.

Ọmọ68k:

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àmì àyọlò ló gbà mí là, 'save' ti ń ṣiṣẹ́. kopo.rexx náà ń lọ, ṣùgbọ́n compiler mìíràn ni mò ń lò, bí ó ṣe ń kọ tirẹ̀ nìyí:

```
Work:C/main.c:14: undeclared variable
```

Mo yí 'in line ' inú POS padà sí ':', mo sì yí PARSE padà sí: PARSE VAR ila ibo ':' nomba ':' oro. Ó fún mi ní Work gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì, ó sì ní C/main.c ni nọ́mbà ìlà. Editor kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Bàbá Workbench:

Colon tó wà lẹ́yìn Work ló gé e. Orúkọ disk ní Amiga ní colon nínú, compiler rẹ sì ń fi colon kan náà pín ìlà rẹ̀. Má bá PARSE jà. Wọ inú àpótí náà kí o tó pe compiler, kí o sì fún un ní orúkọ fáìlì nìkan:

```
CALL PRAGMA('D', 'Work:C')
ADDRESS COMMAND 'cc >T:asise' 'main.c'
```

Fi orúkọ compiler tìrẹ rọ́pò cc. main.c:14: ni yóò máa kọ, PARSE tí o kọ yẹn á sì ṣiṣẹ́ bó ṣe wà. Àwọn fáìlì .h tó wà nínú àpótí kan náà á bọ́ sí i pẹ̀lú.

Ọmọ68k:

Ó ṣiṣẹ́! Mo tẹ F1, ó kó o pọ̀; mo tẹ F2, cursor bọ́ sórí ìlà 14, àlàyé náà sì wà nísàlẹ̀. Mo ti fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ bí ogún ìgbà, kò sí ìdí kan, inú mi kàn ń dùn ni.

Ohun kan ló kù. Àṣìṣe mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ ní. Mo tún ti àkọ́kọ́ ṣe bí Màmá ṣe wí, mo pe compiler padà, ó ku mẹ́rin. Mo ń tẹ F2 lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, ó tún gbé mi lọ sí ìkarùn-ún, ìlà tí kò ní nǹkan kan nínú. Ibo ló ti rí i?

Ìyá Kóòdù:

Èmi ni mo jẹ ọ́ ní gbèsè yẹn, àbúrò, ó yẹ kí n ti kọ ọ́. Clip List kì í gbàgbé. Àṣìṣe mẹ́rin tuntun bo mẹ́rin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n asise.5 títí dé asise.9 ti ìgbà àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Fi ìlà yìí sínú kopo.rexx, lẹ́yìn CLOSE:

```
CALL SETCLIP('asise.' || (n + 1), '')
```

tokan.rexx á bá àyè òfìfo pàdé lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, á sì dúró síbẹ̀. Brackets tó yí n + 1 ká kì í ṣe dandan o, kí ojú lè tètè rí i ni mo ṣe fi wọ́n sí i. Láìsí wọn náà, ARexx á ṣe àròpọ̀ kó tó so asise. mọ́ ọn.

Ọmọ68k:

Mo ti fi sí i. Ó dúró ní ẹ̀kẹrin. Mo ń lọ sórí debugger lálẹ́ yìí, màá sì fi gbogbo fáìlì pamọ́ sórí disk kí n tó bẹ̀rẹ̀.